Bí Mo Ṣe Polówó Ilẹ̀kùn Adìẹ fún Àwọn Ará Sípéènì

Kí n tó dé Lọ́ńdọ̀nù, mo rò pé mo mọ ohun tí ìpolówó jẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ka ìkéde lórí rédíò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo polówó ọṣẹ, mo polówó àgbo ibà, mo kéde ewúrẹ́ tó sọnù àti ìyàwó tó kó jáde nílé. Bí mo bá ní kí ẹ ra gaàrí, ẹnu yín á máa da itọ́. Nítorí náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan lójú River Road ní Barking gbà mí síṣẹ́ ìpolówó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ní Ọlọ́run ti gbé mi dé ibi tí mo mọ̀ dunjú. N kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn adìẹ ni wọn yóò gbé lé mi lọ́wọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé wọn kì í kí ara wọn. Òkè ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó táìlì sí ni ọ́fíìsì wa wà, àwa mẹ́sàn-án la sì wà nínú yàrá kan ṣoṣo. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ẹni àkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ni mò ń bá wí. Ẹnì kejì yọ nǹkan tó kì sétí, ó bi mí bóyá iná ń jó ni. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹfà, Darren tó ni ilé-iṣẹ́ náà ti jáde wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan, mo kàn ń kí wọn ni. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ṣé mo lè máa kí gbogbo wọn lápapọ̀?

Òun fúnra rẹ̀ ní kí n máa pe òun ní Darren. Ọkùnrin tó dàgbà ju ẹ̀gbọ́n mi àgbà lọ! Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú dígí, ẹnu mi kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó yá, mo wá ọgbọ́n dá sí i, mò ń pè é ní "Mr Darren, sir". Ó rò pé àwàdà ni.

Iṣẹ́ náà gan-an kò ta kókó. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ní búlọ́ọ̀gù tiwọn, wọ́n ń kọ nípa oko, oúnjẹ, ẹran ọ̀sìn, ohunkóhun tó bá ṣáà ti wù wọ́n. Àwa á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ létí ojú ewé wọn fún ìpolówó àwọn oníbàárà wa. Àwọn míì tún ní fíìdì, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ti kọ nǹkan tuntun, yóò sáré lọ sórí fóònù gbogbo àwọn tó ń kà wọ́n, ìpolówó wa á sì gun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tẹ ìpolówó náà, iṣẹ́ wa ti yọrí nìyẹn.

Oníbàárà wa tó tóbi jù ń ta ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Kì í ṣe ilẹ̀kùn lásán o. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á ṣí fúnra rẹ̀; bí ilẹ̀ bá ṣú, á tì fúnra rẹ̀. Mo bi Darren léèrè ibi tí ẹni tó ni adìẹ máa ń wà nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ó ní orí ibùsùn ni.

Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ tí Darren fi pe ìpàdé. Ó ní kò sí búlọ́ọ̀gù adìẹ kankan mọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tí ilẹ̀kùn wa kò sí lórí rẹ̀. Ibi tó kù ni àwọn tó ń kọ̀wé lédè Sípéènì, láti Sípéènì fúnra rẹ̀ títí dé Mẹ́síkò àti Pérù. Ó bojú wo gbogbo wa, ó ní, "Ta ló gbọ́ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì?"

Kálukú ń wo tábìlì. Èmi nawọ́, nítorí òtítọ́ ni. Mo ní mo gbọ́ Yorùbá, mo sì gbọ́ Ìjẹ̀bú.

"Méjì!" ni Darren wí, ó pàtẹ́wọ́. "Ìwọ ni ọ̀gá èdè wa. Ìwọ lo máa ṣe ti Sípéènì."

Tèmi, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, fi ẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì. Dagenham nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n bí Tèmi sí, Èkìtì làwọn òbí rẹ̀ ti wá, kò sì sí ohun tí a sọ lédè Yorùbá tí kò gbọ́. Kò kàn ní fi dáhùn ni. Bí a ṣe jáde ló fà mí mọ́ra létí ẹ̀rọ kọfí.

"Aunty, you don't speak Spanish, you know."

"Mo mọ̀."

"So why didn't you tell him?"

"Níwájú gbogbo ènìyàn? Ṣé kí n máa já ọ̀gá nírọ́ ni?"

"Aunty, abeg. It's only Darren."

Ohun tí n kò sọ fún Tèmi ni pé físà tí wọ́n fún mi lẹ́yìn ilé-ìwé tí mo wá kà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ju oṣù mẹ́rin lọ mọ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan kò bá bu ọwọ́ lu ìwé tí yóò jẹ́ kí ìjọba fún mi ní físà iṣẹ́, mo máa kó ẹrù mi padà sílé. Ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé yẹn ni Darren sọ ọ́ fún mi lójúkojú pé bí mo bá lè rí ogún búlọ́ọ̀gù Sípéènì tó gba ilẹ̀kùn adìẹ kí físà mi tó parí, òun á bu ọwọ́ lu ìwé náà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo ní mo gbà, mo dúpẹ́, mo lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo sì ń wo èdè tí n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Ní Sátidé, mo wà ní kíṣìnnì Ìyá Ìjọ, mò ń gé àlùbọ́sà, nígbà tí ìyá mi pè. Ìyá Ìjọ ni ìyá àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, ilé rẹ̀ ní Longbridge ni mo sì háyà yàrá kan sí. Ìyá mi ní tirẹ̀ jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, adìẹ mọ́kànlá ló ń sìn lẹ́yìnkùlé. Ó ní àwọn aládùúgbò ń bi òun léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, òun kò sì rí èsì kan pàtó fún wọn. Mo bá ṣàlàyé.

"Ṣé ò ń bẹ òyìnbó kí wọ́n jẹ́ kí o lẹ pósítà mọ́ ògiri wọn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ògiri ọ̀hún kò sì sí ní Lọ́ńdọ̀nù."

"Sípéènì ló wà, mà. Òmíì wà ní Mẹ́síkò."

"Ilẹ̀kùn adìẹ ló sì wà nínú pósítà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mò ń gbọ́ adìẹ rẹ̀ kan tó ń pariwo pé òun ti yé ẹyin.

"Ta ló ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ń ṣí i, mà. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣí."

"Tí adìẹ bá wá jáde láàárọ̀, ojú ta ni yóò rí?"

Mò ń gé àlùbọ́sà mi lọ. Ó mí kanlẹ̀. "Máa ṣe é lọ. Ọlọ́run mọ ìdí tó fi jẹ́ kí o kàwé tó bẹ́ẹ̀."

Darren ti fún mi ní lẹ́tà kan tí ó ní ó máa ń ṣiṣẹ́. "Báwo ni, a fẹ́ràn ojú ewé rẹ gan-an. Ṣé o fẹ́ kó máa mówó wọlé?" Ẹ̀rọ atúmọ̀ sọ ọ́ di èdè Sípéènì, mo fi ránṣẹ́ sí ọgọ́ta ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó dáhùn, àfi ọkùnrin kan ní Pérù tó fi àwòrán àkùkọ kan ránṣẹ́, tí kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Tèmi ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Èmi kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ó ń rò ó lọ́wọ́".

Ọjọ́ kan ni mo jókòó tún lẹ́tà náà kà, ojú sì tì mí. Ta ni yóò wọ àgbàlá àgbàlagbà láìkí i, tí yóò kàn máa wọn ògiri rẹ̀? Àwọn tó ń sin adìẹ yìí, púpọ̀ nínú wọn ti darúgbó, àwòrán wọn wà níbẹ̀, irun wọn ti funfun. Èmi ń kọ "báwo ni" sí wọn bí ẹni pé a jọ ta ayò lánàá. Mo pa lẹ́tà Darren rẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tilẹ̀ ní àyè tí ènìyàn lè kúnlẹ̀ sí, nítorí náà mo fi Yorùbá kọ ọ́, mo sì gbé e fún ẹ̀rọ atúmọ̀ pé kó máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

"Màmá mi, ẹ kú iṣẹ́ adìẹ o. Ẹ kú ooru. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún kò yọ yín lẹ́nu? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àkùkọ yín tó kú, ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ tún rí irú ẹ̀. Èmi ọmọ yín ni mò ń kọ̀wé láti Barking."

Bàbá ni mo pe àwọn àgbàlagbà ọkùnrin. Àwọn tó bá jù mí lọ díẹ̀, mo pè wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n. N kò dárúkọ ilẹ̀kùn rárá nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, nítorí a kì í ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejì, èsì mẹ́rìnlá. Ìyá kan ní Mẹ́síkò béèrè ẹni tó sọ fún mi nípa orúnkún rẹ̀. Bàbá kan ní Ajẹntínà ní ọdún kẹta rè é tí ẹnikẹ́ni ti gbẹ̀yìn béèrè àwọn ọmọ òun. Ẹ̀gbọ́n kan ní Kòlóńbíà kọ ojú ewé mẹ́ta nípa ìyàwó rẹ̀ tó kó lọ, ó sì ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti jẹ́ àbúrò òun, kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó náà kò padà, ṣùgbọ́n òun náà ní búlọ́ọ̀gù tirẹ̀, tòlótòló ló ń kọ nípa rẹ̀, ó sì gba ilẹ̀kùn wa. Nígbà tí ọkọ gbọ́ pé ìyàwó gbà, òun náà gbà kí ìyàwó má baà jù ú lọ. Búlọ́ọ̀gù méjì nìyẹn nínú ìjà kan ṣoṣo.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ ọkàn mi níbí. Nílé, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi lásán. Mo jẹ́ Àǹtí, mo jẹ́ ọmọ Tíṣà, mo jẹ́ Ìyá Rédíò. Bí mo bá kọjá ládùúgbò, ìkíni á ti gbà mí títí màá fi dé ibi tí mò ń lọ. Ní Barking, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń pe gbogbo ènìyàn ní "love", ó sì ń pe ẹni tí kò sanwó ní "love" bákan náà. Ọjọ́ mìíràn wà tí mò ń jáde nílé tí mo sì ń padà láìsí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan pè mí. Ó máa ń dùn mí. Nígbà tí àwọn ọlọ́sìn adìẹ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọmọ àti àbúrò, mo mọ̀ pé nítorí ilẹ̀kùn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn lọ́nà tí kò ní ilẹ̀kùn nínú.

Nígbà tó fi ku oṣù kan kí físà mi parí, búlọ́ọ̀gù mọ́kàndínlógún ti gbà. Darren kọ ọ́ sára ògiri. Ó ku ẹyọ kan, ẹyọ kan ṣoṣo tí n kò sì tíì bẹ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí mi ni Màmá Encarna.

Màmá Encarna lé ní àádọ́rin ọdún, abúlé kan ní Sípéènì ló ń gbé, ọ̀rọ̀ adìẹ nìkan ló sì ń kọ lójoojúmọ́ ayé. Gbogbo àwọn yòókù ló ń ka fíìdì rẹ̀. Bí ó bá ní kí wọ́n fún adìẹ ní aáyù, láti ibẹ̀ dé Pérù ni wọn yóò máa gún aáyù. Kò gba ìpolówó rí láyé rẹ̀. Ó ti ń kọ̀wé sí mi láti ọjọ́ tí mo kí i kú àkùkọ tó kú, èmi náà sì ń dá a lóhùn. Àkókò ìsinmi ọ̀sán ni mo máa ń ka lẹ́tà rẹ̀, màá lọ jókòó létí odò Roding níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà kọjá. Ó sọ fún mi nípa ọkọ rẹ̀ tó sin, nípa òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀, nípa Julián ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá tí kì í fẹ́ gbé fóònù. Èmi sọ fún un bí mo ṣe ń kí ènìyàn tí wọ́n ń rò pé iná ń jó. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dárúkọ ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi á wúwo. Ọjọ́ kan ó kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀gù rẹ̀ fún gbogbo ayé pé, "Mo ti ní ọmọbìnrin kan ní Barking."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, lẹ́tà kan dé bá Darren. Julián ló kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ó ní obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan láti ilé-iṣẹ́ yìí ń kọ̀wé sí ìyá òun tó jẹ́ opó, ó ń pè é ní ìyá rẹ̀, ó ń béèrè ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Òun mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá ṣe nǹkan sí i, òun á lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Tèmi ka lẹ́tà tí Darren fi ránṣẹ́ sí mi tán, ó rọra fi fóònù mi sílẹ̀. "Aunty, don't vex. But from outside, still, it looks bare dodgy."

Mo tún àwọn lẹ́tà mi kà lójú Julián. Màmá mi. Èmi ọmọ yín. Ṣé ara le? Gbogbo ohun tí ìyá mi fi ẹgba kọ́ mi, òun náà ni àwọn onígbájúẹ̀ ń kọ. Darren kò bínú, ìyẹn ló tún burú jù. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè fi orúkọ òun sábẹ́ ìwé ẹnikẹ́ni tí ọlọ́pàá ń béèrè. Òun máa pe Julián àti ìyá rẹ̀ sórí fídíò ní ọjọ́ Ẹtì, kí n sì wá ṣàlàyé ara mi.

Nígbà tí mo dé ilé, Ìyá Ìjọ gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìwé orin lórí itan. Ó kọ́kọ́ wọ́n omi ìyàsímímọ́ sórí kọ̀ǹpútà mi kí n tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó mú ọgbọ́n wá.

"Wọ́n pè ẹ́ lólè, ìwọ fúnra ẹ lo máa lọ rojọ́? Never! Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé? Wọ́n á pe àwọn èèyàn ẹ ni. Pe ìyá ẹ kó wá jókòó sí meeting yẹn. Ẹni tó bí ẹ ló máa jẹ́rìí ẹ."

Mo sọ fún Darren láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé n kò lè dáhùn ẹ̀sùn láìsí ìyá mi níbẹ̀.

"Ìyá rẹ? Sí ìpàdé iṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir."

Ó wo Tèmi. Tèmi ní, "It's a whole thing, Darren. Just let her mum come."

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá, gbogbo wa pé sórí fídíò. Julián wọ kóòtù. Màmá Encarna jókòó ní ilé tirẹ̀, ó gbé adìẹ pupa kan sí abẹ́ apá. Ìyá mi wé gèlè ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n iwájú orí rẹ̀ àti fáànù òkè nìkan là ń rí. Wọ́n ní n kò lè túmọ̀ nínú ẹjọ́ ara mi, Tèmi ni yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá mi, Julián á sì máa túmọ̀ fún ìyá tirẹ̀.

Bí mo ṣe rí ojú Màmá Encarna gbangba báyìí, n kò mọ ìgbà tí orúnkún mi kan ilẹ̀.

"Ó ti sá lọ!" ni Julián kígbe. "Ẹ wò ó, ó ti sá!"

"She's not gone anywhere," ni Tèmi wí. "She's on the floor. She's greeting your mum."

Ìyá mi wá bẹ̀rẹ̀. Ó kí Màmá Encarna kú àárọ̀, ó kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, ó kí i kú ìtọ́jú ọmọ, ó kí i kú opó, ó bá a dárò òjò tí kò rọ̀. Tèmi mí sínú, ó ní, "She says good morning." Lẹ́yìn náà ni ìyá mi kọjú sí Julián.

"Kí ni ọmọ mi ṣe fún ọ?"

Julián ní, "Ó ń pe ìyá mi ní ìyá rẹ̀."

"Kí ni kó máa pè é? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni? Ìwọ tí o jókòó síbẹ̀ yẹn, kí ni ìwọ ń pe èmi?"

Julián ronú. "Señora."

"N kì í ṣe ìyẹn. Ìyá ni mí. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Pè mí dáadáa."

Julián wo Darren. Darren wo tábìlì. Nígbà tó yá, Julián fi ohùn kékeré sọ ọ́: "Màmá."

"O káre, ọmọ mi. O ti pè mí ní ìyá báyìí. Kí ni o jí nínú ẹrù mi?"

Tèmi túmọ̀ ìyẹn, ó sì túmọ̀ rẹ̀ tọkàntọkàn. Màmá Encarna kò tíì gbọ́ ìtumọ̀ tán tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, adìẹ abẹ́ apá rẹ̀ ń mì. Julián dojú kọlẹ̀. Ó ní ó dára, òun gbà pé kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n kí ni obìnrin yìí ń wá lọ́dọ̀ ìyá òun?

Látorí ilẹ̀ tí mo wà ni mo ti dáhùn. Mo ní ìpolówó ilẹ̀kùn adìẹ ni mo wá bẹ̀ wọ́n fún. Búlọ́ọ̀gù kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n bu ọwọ́ lùwé mi, bí n kò bá rí i, mo máa padà sílé lọ́wọ́ òfo. Mo ní láti oṣù méjì ni n kò ti lè sọ ọ́, nítorí bí mo bá ka lẹ́tà wọn tán, ìpolówó náà á jọ èébú lójú mi. Mo sunkún díẹ̀. N kò ní i lọ́kàn láti sunkún.

Màmá Encarna béèrè irú ilẹ̀kùn tó jẹ́. Darren fi àwòrán rẹ̀ hàn án. Ìyá náà wò ó títí, ó sọ nǹkan kan, Julián sì túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú: "Ó ní bí adìẹ bá jáde láàárọ̀, ojú ta ni yóò rí?"

"Hẹ̀ẹ́n!" ni ìyá mi pariwo kí Tèmi tó yanu. "Ẹ wá gbọ́ o! Obìnrin yìí gbọ́n!"

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bú ilẹ̀kùn náà lédè méjì. Darren fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tí wọ́n bú u tán, Màmá Encarna ní òun kò gba ìpolówó rí, òun kò sì ní gba èyí, ilẹ̀kùn burúkú ni. Ó kí gbogbo wa, ó pa fídíò. Orúkọ mi ti mọ́, ṣùgbọ́n mọ́kàndínlógún ṣì ni mọ́kàndínlógún. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ṣí omi, mo sì sunkún dáadáa, èyí tí mo ní lọ́kàn.

Ọjọ́ Ajé, Tèmi ló kọ́kọ́ rí i. Ó pariwo pé, "Aunty! Come and see your mumsy!" Ilẹ̀kùn wa wà lórí búlọ́ọ̀gù Màmá Encarna, ó tóbi gbàgàdà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀: "Ilẹ̀kùn yìí kò dára. Ẹ má rà á. Ẹ máa jí kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún adìẹ yín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ní Barking nílò ìwé, nítorí náà ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Fíìdì rẹ̀ gbé e dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì, àwọn búlọ́ọ̀gù míì sì ń dà á kọ. Bàbá ará Ajẹntínà tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n ará Kòlóńbíà àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń ta ilẹ̀kùn pe Darren, ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí, àti pé ohun tó ya òun lẹ́nu jù ni pé àwọn kan tilẹ̀ ń rà á, nítorí wọ́n ní ẹni tó sọ òtítọ́ nípa ilẹ̀kùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè tan àwọn jẹ. Darren bu ọwọ́ lùwé mi ní ọjọ́ kẹta. Kó tó gbé e fún mi, ó kọ́kọ́ kí mi kú àárọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi bẹ̀ mí pé ó tó.

Orí ìjókòó mi ni mo ti kọ̀wé sí Màmá Encarna lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibùdó bọ́ọ̀sì, mo pe ìyá mi. Mo ní, "Mà, ẹ bá mi yọ̀ o, wọ́n ti bu ọwọ́ lu ìwé mi."

"Mo ti gbọ́."

"Lẹ́nu ta ni, mà?"

"Lẹ́nu Encarna. Ó pè mí lórí fídíò láìpẹ́ yìí, ó ń ju ọwọ́ sókè, ó ń jó yí àwọn adìẹ ká. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ ti yanjú nìyẹn."

"Èdè wo lẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀, mà?"

"Kí ni a fẹ́ fi èdè ṣe? Ó gbé adìẹ tirẹ̀ sókè, mo gbé tèmi. Ó fi orúnkún rẹ̀ hàn mí, mo fi tèmi hàn án. Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, ojoojúmọ́ la ń rí ara wa." Mo gbọ́ fóònù rẹ̀ tó ń dún láàárín ọ̀rọ̀ wa. "Dúró ná, ìyá rẹ ló ń pè mí," ló wí, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí.